Ẹ Má Tíì Kì Í Bọná: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Kọ̀ǹpútà àti Géèmù Àtijọ́

Lẹ́tà ò dáwọ́ dúró o. Látìgbà tá a ti mẹ́nu kan àwọn kọ̀ǹpútà ilé àtijọ́ àtàwọn géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú abala yìí, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń kọ̀wé, láti Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Inú mi dùn gan-an ni. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tọ́rọ̀ wọn jọra mo mú ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà yìí: ẹ̀rọ tó ti wà lókè àjà fún ọgbọ̀n ọdún tí nǹkan kan ò ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ gan-an ló kú, torí kíá ni wọ́n ti kì í bọná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kì í bọná.

*Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. À ń tún ilé bàbá wa kùn ní Ìjẹ̀bú-Òde nítorí Ojúde Ọba, la bá rí páálí kan lókè àjà, Commodore 64 ló wà ńbẹ̀ pẹ̀lú ṣájà dúdú kan tó wúwo. Bàbá ti sọ fún wa rí pé ìgbà táwọn ń kàwé ní London làwọn rà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kì í bọná ká wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi ní ká dúró ká bi yín.*
*Àbígbẹ̀yìn, Ìjẹ̀bú-Òde*

Àbúrò mi, o káre. Mo mọ̀ pé ara ń wá ẹ̀gbọ́n yín láti rí i kó tàn, gbogbo àwa tá a fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí náà lara ń wá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù díẹ̀ sí i.

Ẹ̀rọ yìí jáde lọ́dún 1982. 64 tó wà lórúkọ ẹ̀ yẹn, kílóbáìtì ìrántí tó wà nínú ẹ̀ ni, fọ́tò kan ṣoṣo tó o bá fi fóònù yà lónìí ò lè wọnú ẹ̀, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ prógíráàmù, wọ́n sì fi kọ orin torí ṣíìpù kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ SID, Bob Yannes ló ṣe é, ohùn mẹ́ta ló ń mú jáde pa pọ̀, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí àwọn olórin kan ṣì ń wá a kiri. Wọn ò ṣe ojúlówó ṣíìpù yẹn mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ká fi iná sun ún.

Ibi tí ewu wà kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, inú ṣájà dúdú yẹn ni. Iná oríṣi méjì ló ń gbé jáde, fóòtì 5 tó ń lọ tààrà àti fóòtì 9 irú ti NEPA. Wọ́n da oje kan sínú ẹ̀ tó ti gan pa, ooru ò ráyè jáde, bó bá wá pẹ́ títí, ohun tó ń ṣọ́ fóòtì 5 yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìwà hù, dípò 5 á máa gbé 6, 7 jáde, á sì lọ tààrà sínú àwọn ṣíìpù ìrántí, á sun wọ́n. O ò ní rí èéfín, o ò ní gbọ́ ariwo, ojú tẹlifíṣọ̀n á kàn dúdú, ẹ ó sì máa rò pé àtijọ́ ló ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á jẹ́ nísinsìnyí.

Ohun tẹ́ ẹ ó ṣe ni pé kẹ́ ẹ wá oníṣẹ́ rẹ́díò. Mi ò sọ ọmọ tó ń tún fóònù ṣe o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ń gbìyànjú, oníṣẹ́ rẹ́díò àti tẹlifíṣọ̀n àgbà ni mò ń sọ, àwọn tó ti wà nídìí sódà látìgbà tẹlifíṣọ̀n onígò ńlá. Wọ́n ṣì wà láàárín wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n wà ní Ṣàgámù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ríṣẹ́ ṣe mọ́ torí tẹlifíṣọ̀n tuntun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tún ṣe, wọ́n kàn ń pààrọ̀ bọ́ọ̀dù ni. Àwọn wọ̀nyí mọ irú bọ́ọ̀dù tó wà nínú kọ̀ǹpútà bàbá yín torí ìgbà kan náà ni wọ́n jọ dàgbà. Kó fi mítà wọn ṣájà yẹn láìso ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí fóòtì 5 yẹn bá lọ sókè ju 5.25 lọ, ẹ gbé e jù sẹ́yìn. Bó bá tilẹ̀ pé, èmi ò ní lò ó, torí ó lè pé nígbà tí ò gbé ẹrù kankan, kó wá yí padà nígbà tó bá gbóná. Àwọn kan ṣì ń ṣe ṣájà tuntun fún Commodore 64 lókè òkun, ẹni yín tó bá wà ní London lè rà á kó fi ránṣẹ́, kí ẹ sọ fún un pé kó ra ti fóòtì 230 o.

Kó sì ṣí kọ̀ǹpútà náà kó wo inú ẹ̀ kí ẹ tó tan án. Ilé tiwa níbí, òkè àjà, èèrà, aáyán, ọmọńlé, ẹyin ọmọńlé, kò sóhun tá ò lè bá níbẹ̀. Bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kó fi gbá a. Tí iná bá wá dé, ẹ lo sítábiláísà. Páálí yẹn ńkọ́, ìwé inú ẹ̀ ńkọ́, rìsíìtì bàbá yín ńkọ́, ẹ má da nǹkan kan nù nínú ẹ̀, àwọn tó ń kó nǹkan wọ̀nyí jọ máa ń wá páálí bí wọ́n ṣe ń wá ẹ̀rọ.

*Ẹ kú déédéé ìwòyí sà. Àbúrò mi fi géèmù kan ránṣẹ́ láti Houston. Mo kì í bọná, ó dún "pò!", kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé kí n gbé e jù nù?*
*Ọmọ Mákùn, Ṣàgámù*

Má gbé e jù nù! Iná Amẹ́ríkà fóòtì 120 ni, tiwa 230 sí 240. Nínú géèmù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan, kápásítọ̀ ńlá (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ lórí bọ́ọ̀dù) tó wà lẹ́nu ọ̀nà iná sábà máa ń jẹ́ ti fóòtì 200, nígbà tí iná tiwa bá sì ti gba inú díódù kọjá ó ti di bíi 340, ọ̀rọ̀ ò lè ṣe méjì, kápásítọ̀ yẹn á bẹ́, fíúsì á já. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ibi tó máa ń parí sí nìyẹn, bọ́ọ̀dù iná nìkan ló ń kú, géèmù gan-an wà láàyè lẹ́yìn ẹ̀. Oníṣẹ́ rẹ́díò lè tún un ṣe, tàbí kẹ́ ẹ wá bọ́ọ̀dù iná ti Yúróòpù tó jẹ́ ti géèmù kan náà, ó ń bá a mu ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà tàbí Japan, kó yí i dojú dé kó ka ohun tí wọ́n kọ síbi INPUT. Bó bá jẹ́ 100-240, ẹ kì í bọná ẹ má mikàn. Bó bá jẹ́ 120 nìkan tàbí 100 nìkan, step-down tó ń dín iná kù ni, kì í ṣe àdúrà.

Ẹlòmíì tún béèrè látọ̀dọ̀ àwọn ará Ìpẹ̀rù pé tiwọn tàn dáadáa pẹ̀lú step-down ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀ dúdú àti funfun ni, ó sì ń yí. Kò bàjẹ́. Géèmù Amẹ́ríkà ìgbà náà ń lo NTSC, tiwa ń lo PAL, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà gbé àwòrán lọ sójú tẹlifíṣọ̀n ni, tẹlifíṣọ̀n onígò àtijọ́ yín ò gbọ́ èdè ẹ̀ ni. Ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ lójú ihò AV, púpọ̀ nínú wọn ló ń gba méjèèjì.

*Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣọ́ọ̀bù ìṣerun lóge ni mo ní. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun fẹ́ gba ọ̀rá developer wa, ti nọ́ńbà 40, pé òun fẹ́ fi pa ara kọ̀ǹpútà òun tó ti pọ́n kó lè padà funfun. Mo ní irọ́ ló ń pa. Ó ní kí n bi yín.*
*Ìyá Onídìrí, Sábó, Ṣàgámù*

Màámi, òótọ́ lọmọ yín ń sọ o, ẹ fún un! Nínú ọ̀rá nọ́ńbà 40 yẹn, háídírójìn pẹ́rọ́sáìdì ló wà ńbẹ̀, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, òun gan-an làwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe ń lò. Ike tí wọ́n fi ṣe kọ̀ǹpútà àti géèmù nígbà náà, bí oòrùn àti ooru bá ti ń bá a jà lọ́dún dé ọdún, á máa pọ́n, kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọn kó má baà tètè gbiná náà máa ń dá kún un. Ọ̀rá yẹn pẹ̀lú ìtànṣán oòrùn ló ń dá àwọ̀ ẹ̀ padà. Ọ̀rá nìkan láìsí oòrùn tàbí ooru ò ní ṣe nǹkan kan tó ṣe pàtàkì.

Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rá yìí jù ú lọ, nítorí náà ẹ jókòó tì í. Kó wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mọ bó ṣe ń jó ọwọ́. Kó tú gbogbo nǹkan kúrò lára ike náà, bọ́ọ̀dù, irin, rọ́bà, kó ku ike níhòòhò. Kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ, kó wá fi bọ́rọ́ọ̀ṣì yín pa ọ̀rá náà kó kárí dọ́gbadọ́gba, kó fi náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ wé e kó má gbẹ, torí ibi tó bá gbẹ ló máa ń yọ ilà funfun tí kò ní lọ mọ́ láéláé. Kó máa yí i padà kó máa tún un pa. Ohun tó yàtọ̀ níbí sí ti ilẹ̀ àwọn òyìnbó ni pé oòrùn wa le, ooru ọ̀sán gangan lè tẹ ike yẹn kọrọkọrọ, nítorí náà òwúrọ̀ ni kó ṣe é, kó gbé e kúrò nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń gbóná.

Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi fún yín. Bí kò bá pọ́n púpọ̀, ẹ ní kó fi sílẹ̀. Àwọ̀ yẹn lè tún padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kọ̀ǹpútà tó pọ́n tí inú ẹ̀ mọ́ sì sàn fún mi ju èyí tó funfun tí kápásítọ̀ ẹ̀ ń yọ omi. Ohun kan tí mi ò fẹ́ kó fọwọ́ kàn rárá ni thinner, àwọn ọmọ máa ń gbà á lọ́wọ́ oníkùn ọkọ̀, á yọ́ ike náà, á sì pa gbogbo lẹ́tà ojú ẹ̀ rẹ́.

*Bọ̀ọ̀dá, mo ra ZX Spectrum lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan, ó tàn, ó ń kọ nǹkan sójú tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ló ń lò, mi ò sì ní rẹ́díò kásẹ́ẹ̀tì, mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á mọ́. Kí ni mo lè ṣe?*
*Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè*

Lẹ́tà yìí dùn mọ́ mi! Fóònù ẹ ni kásẹ́ẹ̀tì ẹ.

Sinclair gbé ẹ̀rọ yẹn jáde ní 1982 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó pọ́n-ùn 125 lèyí tó kéré, 175 lèyí tó ní kílóbáìtì 48, wọ́n fẹ́ kó wà nílé mẹ̀kúnnù ni wọ́n ṣe ṣe bọ́tìnì ẹ̀ ní rọ́bà, tí wọn ò sì fi díìsìkì sí i. Ohùn ni prógíráàmù ẹ̀. Ohùn tó ń han gooro tí kásẹ́ẹ̀tì ń mú jáde yẹn, kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ọ ni, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìrántí ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti lè ké irú igbe yẹn á ṣe é. O lè sọ géèmù tàbí prógíráàmù di fáìlì WAV, fi sórí fóònù, má lo MP3 torí ó máa ń gé lára ohùn náà, wá wáyà ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń so fóònù mọ́ sípíkà, ki ẹnu kan bọ fóònù, ki èkejì bọ ihò tí wọ́n kọ EAR sí. Gbé ohùn fóònù dé òkè pátápátá, pa ohun tó ń fi báàsì kún un, fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfurufú kí ìpè má lọ wọlé láàárín.

Lórí Spectrum, tẹ J, òun fúnra ẹ̀ á kọ LOAD. Di SYMBOL SHIFT mú, tẹ P lẹ́ẹ̀mejì, wá tẹ ENTER. Etí ojú tẹlifíṣọ̀n á máa pààrọ̀ pupa àti búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dúró dè ẹ́ nìyẹn. Tẹ play lórí fóònù. Bó o bá ti rí i tí ilà ẹ̀ di yẹ́lò àti búlúù tó ń sáré, ó ti ń gbà á. Géèmù ńlá lè gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún, jókòó tì í. Bó bá já láàárín, ọ̀rọ̀ ohùn ni, dín in kù díẹ̀ tàbí fi kún un, tún bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan méjì tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, ṣájà ẹ̀ jẹ́ fóòtì 9 ṣùgbọ́n àárín ẹnu ẹ̀ ni nẹ́gẹ́tífù, èyí tó yí padà sí ti ọ̀pọ̀ ṣájà router tó wà nílé wa, àwọn èèyàn máa ń rí 9 lára ṣájà router wọ́n á kì í bọ̀ ọ́, á jóná. Èkejì, bó o bá fẹ́ ṣí i, fẹ̀sọ̀ gbé òkè ẹ̀, torí wáyà pẹlẹbẹ méjì tó ń lọ sábẹ́ bọ́tìnì ti gbẹ nígbà tó ti pẹ́ yìí, á kàn ṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ́ náà, wọ́n ṣì ń ṣe tuntun, má jẹ́ kó kó ìrònú bá ẹ.

*Ṣé ó dáa ká máa fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí kátíríìjì géèmù?*
*Ọmọ Odò-Gbólú*

Kò dáa. Gbogbo wa la ṣe é nígbà tá a wà lọ́mọdé, ó sì dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́ torí pé yíyọ tẹ́ ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ tún un kì bọ̀ ọ́ ló ṣiṣẹ́ yẹn. Omi tó wà nínú èémí yín ni yóò fi ìpẹtà síbi irin wúrà kéékèèké ẹnu ẹ̀. Ẹ rọ spirit tó mọ́ sára òwú etí, ti ìdá 99 tí wọ́n ń pè ní IPA ló dáa jù, ẹ fi nù ún lọ nù ún bọ̀ títí òwú náà ò fi ní dúdú mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ.

*Ọ̀gá Olóòtú, olùkọ́ ni mí nílé ìwé kan ní Ìkẹ́nnẹ́. A rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nínú stóò wa, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan ló gbé e wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A tan án, ó ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ ń pariwo, ṣùgbọ́n lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú èéfín bo gbogbo yàrá, òórùn ẹ̀ ò ṣe é fi imú gbà. Ẹ̀rù bà wá. Kọ̀ǹpútà sì ń ṣiṣẹ́ lọ títí a fi yọ ọ́ lórí iná o.*
*Tíṣà*

Tíṣà, ẹ kú ewu. Pé ó ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tó ń rú èéfín yẹn gan-an ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà náà, BBC Micro tí Acorn ṣe ní 1981 wà lára wọn, ní kápásítọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà iná tí wọ́n fi ń sẹ́ ariwo iná kúrò. Bébà ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe ń fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é pè é, RIFA. Ara ẹ̀ tó dà bíi gíláàsì máa ń sán bó bá pẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ á wọlé, bébà á mu ún. Ẹ wá ronú Rẹ́mọ tiwa níbí, inú igbó òjò la wà, ògiri gan-an ń làágùn lóṣù kẹsàn-án. Bí iná bá ti dé sára bébà tútù yẹn, á gbóná, á bẹ́, òórùn yẹn ló ń jáde.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé kì í sábà ba nǹkan míì jẹ́. Kí oníṣẹ́ rẹ́díò yọ ọ́, kó wo iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀, kó fi tuntun onípò X2 dípò, kó má fi kápásítọ̀ lásán síbẹ̀ o, X2 ni. Àwọn kápásítọ̀ yẹn lè ju ẹyọ kan lọ, kó pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kó má sì fọwọ́ kan inú bọ́ọ̀dù iná kété tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kó jẹ́ kó sinmi, kó fi mítà rí i pé iná ti tán nínú kápásítọ̀ ńlá ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ní tẹlifíṣọ̀n onígò tàbí mọ́nítọ̀ onígò tó bá a wá, àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ ṣí i, iná inú ìgò aláwọ̀ lè ju fóòtì 20,000 lọ, ó sì lè dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á.

Bó bá jẹ́ BBC Micro ni lóòótọ́, ẹ má jẹ́ kó padà sínú stóò. Ilé iṣẹ́ Acorn yẹn kan náà, àwọn èèyàn ẹ̀ méjì, Sophie Wilson àti Steve Furber, ló ṣe ARM, ṣíìpù àkọ́kọ́ ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní 1985, irú ẹ̀ ló sì wà nínú fóònù tó wà lápò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yín lónìí. Ẹ gbé e síwájú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ BASIC, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí kọ̀ǹpútà tó ń dúró de àṣẹ wọn nígbà tó bá tàn, tí kò ní ìpolówó kankan lójú.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan fẹ́ ta géèmù àtijọ́ kún àpò méjì fún mi, ó ní ìyẹn ti wọ́n gan-an, pé òun kà á pé wọ́n ta géèmù Mario kan ní ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là. Mo fẹ́ fi ṣòwò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*
*Oníṣòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Òótọ́ ni pé wọ́n ta Super Mario Bros. kan ní 660,000 dọ́là lóṣù kẹrin ọdún 2021. Ohun tí kò sọ fún ẹ ni pé ẹni tó rà á láti ọjọ́ kìíní ò ṣí i rí, náílọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀. Èyí tó wà nínú àpò yẹn, ọmọ ẹni mélòó ló ti fi eyín ṣí i?

Má wo orúkọ, wo iye tí wọ́n ṣe jáde àti bó ṣe wà. PS2 jáde lọ́dún 2000, wọ́n ta ju 150 mílíọ̀nù lọ, kò sí àdúgbò tí kò sí ní Ìjẹ̀bú, tà á fún ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n ni, kì í ṣe fún ẹni tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ. Tó o bá fẹ́ mọ iye owó, má wo iye tí olùtajà kọ sórí eBay torí ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó wù ú, wo ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn èyí tí wọ́n ti tà tán. Kátíríìjì tí wọ́n kọ 9999 sí pọ̀ ní Nàìjíríà, àwa fẹ́ràn ẹ̀ torí òun la fi dàgbà, ṣùgbọ́n òyìnbó olówó ò wá a.

Kó o tó sanwó, ṣí wọn. Mo mọ̀ pé mo ti ń sọ látòkè pé ẹ̀rọ tó wà nínú páálí kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń jẹ ara wọn láìsí iná. Xbox àkọ́kọ́, ti 2001, ní kápásítọ̀ kékeré kan tó ń tọ́jú aago, ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ó máa ń yọ omi, omi náà á sì máa jẹ bọ́ọ̀dù lọ díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà Amiga 500 Plus náà ní bátìrì nínú tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó o bá rí àwọ̀ ewé tàbí ohun funfun bí iyọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, dín owó kù tàbí kó o lọ. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí bátìrì ti jẹ tán, ẹ̀sọ̀ ò lè mú un padà.

*Ọmọ mi, mo kí ọ. Èmi ni mo jẹ́ akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa nígbà tí ọjọ́ ṣì ń dàgbà. Kọ̀ǹpútà ni mo fi tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé wa, WordStar là ń lò, díìsìkì pẹlẹbẹ ńlá rírọ̀ ni wọ́n wà. Kọ̀ǹpútà ti lọ tipẹ́, díìsìkì wà lọ́wọ́ mi, àwọn kan ti bu, funfun ti yọ lójú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí n sá wọn sóòrùn.*
*Bàbá Akọ̀wé, Ìjẹ̀bú-Òde*

Bàbá, ẹ kú àmójútó nǹkan ìlú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sá wọn sóòrùn, ooru á ká wọn kò, ohun tó wà lójú ẹ̀ á sì lọ. Ẹ kó wọn síbi gbígbẹ tó tutù, kó jìnnà sí sípíkà àti ohunkóhun tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ to wọn ní òró, ẹ má fi ọwọ́ kan ibi tí dúdú inú ẹ̀ ti yọ. Ẹ ya àwọn tó ti bu sọ́tọ̀ kó má ràn.

Wọ́n ṣe é gbà padà, Bàbá. Díìsìkì oníkílóbáìtì 360 bẹ́ẹ̀ yẹn lè gba ju 100 ojú ewé lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí gbogbo ìpàdé ọdún kan wà lórí ẹyọ kan. Àwọn tí kò bu ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Èyí tó bu ò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbin ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ orí tó ń kà á, á sì ha èyí tó mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n á fi abẹ gé etí àpò ẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á yọ dúdú inú ẹ̀, wọ́n á fi omi tí wọ́n ń pè ní distilled water àti ọṣẹ díẹ̀ ṣàn án, wọ́n á fi aṣọ tí kì í yọ òwú gbẹ ẹ́, wọ́n á fi sínú àpò díìsìkì míì tó mọ́ kí wọ́n tó kà á.

Ẹ̀rọ tó ń kà á ni ìṣòro, kọ̀ǹpútà òde òní ò ní i. Ẹ wá ọmọ kan tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìjagun tó ní sùúrù, kó wá dráìfù àtijọ́ ti ínǹṣì 5¼, kó ra bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń jẹ́ Greaseweazle, òun ló ń so dráìfù àtijọ́ mọ́ USB, ó sì lè da gbogbo ojú díìsìkì kọ sínú fáìlì láìkọ nǹkan kan lé e lórí. Kó ṣe ẹ̀dà yẹn tán kó tó máa wá ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Bó bá ṣí fáìlì WordStar tó rí i pé lẹ́tà tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti dàrú, kó má sọ fún yín pé ó ti bàjẹ́, bí WordStar ṣe ń sàmì síbẹ̀ nìyẹn, prógíráàmù kékeré kan lè dá gbogbo ẹ̀ padà.

Bàbá, kó ṣe é nílé yín, níwájú yín, ẹ má jẹ́ kó kó díìsìkì lọ. Tó bá parí, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, kan lọ́wọ́ akọ̀wé tó wà níbẹ̀ báyìí, kan lọ́wọ́ ọmọ yín tó wà nílùú míì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ tọ́jú díìsìkì náà síbẹ̀.